Ọ̀rọ̀ Kúkúrú tí Mo Gbé Bọ̀ láti Ìlú Orí-Itan

Ẹ jókòó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn ti igi ìyeyè yìí, kí ó fẹ̀yìn tì í. Ẹni tí ó bá fẹ́ na ẹsẹ̀, kí ó nà án, kí ó sì máa dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ṣì ń ṣeé nà. Ẹ ti jẹ ẹran ìgbẹ́ mi, ẹ ti mu ẹmu mi, ẹ sì ti ń pariwo láti ìyálẹ̀ta pé kí Ọdẹ́jìnmí pa ìtàn fún yín. Ó dára, n ó pa á. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó sì ṣe gbọ́ ọ, tìbínú-tìbínú.

Ohun tí ó bí mi nínú kò jìnnà. Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó mi jáde sí yín lẹ́ẹ̀kan, tí ó fi ọwọ́ kan gbé igbá omi, tí ó fi ọwọ́ kejì di ọ̀pá rẹ̀ mú, Ìyá Mojèrè tí ó jókòó níwájú yìí, tí ó ń múra ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìyàwó ọdẹ, o mà ti gbẹ o. Ṣé ọkọ rẹ kì í fún ọ ní oúnjẹ ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọlúàbí ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn nínú yín sì ń kùn pé kò kúnlẹ̀ kí àgbà, pé ó nà ró bí òpó. Mo gbọ́ yín. Etí ọdẹ ni mo ní. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé ní òdìkejì odò, mo ń gbọ́ ọ.

Nítorí náà ìtàn tí n ó pa lónìí, ìtàn itan ni. Ìtàn egungun itan aya mi ni, àti ohun tí ọ̀rá fi ojú rẹ̀ rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìtàn tí ó dùn, kí ó yà sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ̀ pé nígbà tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó, tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó ń rìn bí etu, ó ń sáré pọnmi, bí ó bá sì kúnlẹ̀ kí ènìyàn, kí onítọ̀hún tó dáhùn tán ó ti dìde. Ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa yìí, bí ìyàwó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ ni a ń bú. Níbi ìkómọ, wọ́n á ní, "Àwẹ̀ró, kí ló dé tí o ò sanra?" Lọ́nà odò, wọ́n á ní, "Ọdẹ ń pa ẹfọ̀n, egungun ni ó ń gbé fún aya jẹ." Ìyá tí ó bí mi gan-an a máa di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú lójú àlejò, a sì máa ní, "Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ ènìyàn bí igi ìdáná." Ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára. Ó ń jẹun títí, kò sanra. Nígbà tí ó yá, ó ń yà fún ènìyàn lójú ọ̀nà kí wọ́n má baà kí i.

Ibẹ̀ ni Bùmọ́ra gbà wọlé. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀yin náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Iwin ni, inú Igbó Olómi-Ọ̀rá ni ó ti wá. Ojú rẹ̀ rí roboto bí igbá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì wú bí ẹni pé ó gbé ìrọ̀rí kọ́ ibẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó ń pín kóró funfun kékeré kan tí kò tó ẹyin èèrà. Ó ní, "Kóró kan láàárọ̀, kóró kan nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ó gbẹ á kún, ẹni tí ó kún á dán." A bi í pé èló ni. Ó ní òun kì í gba owó, pé òun ó wá gba tòun ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. A rẹ́rìn-ín, a rò pé àwàdà ni. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí ẹfọ̀n rí tí ó gbàgbé ọ̀nà ilé, èmi tí mo ń mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko lórí àpáta, èmi náà kò ṣàkíyèsí pé àwọn iwin kéékèèké ni wọ́n fi ẹní gbé Bùmọ́ra wá, ẹní náà ni wọ́n sì fi gbé e lọ. Láti ìgbà tí ó ti dé, ẹnikẹ́ni kò rí i kí ó dìde dúró.

Àwẹ̀ró ń gbé kóró náà mì. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ, tí ọrùn rẹ̀ fi kún, tí ojú rẹ̀ fi rí roboto. Ha, ẹ yìn ín. Ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà láti wò ó. Ìyá mi jó. Wọ́n ń kí mi lójú ọ̀nà oko pé, "Ọdẹ́jìnmí, o mọ ìyàwó tọ́jú," mo sì ń yan bí àkùkọ tí ó jogún àkìtàn.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé ibì kan ń dun òun ní apá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ìbàdí. Ó ní ìrora náà jìn, pé ọwọ́ kò lè tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Ìyá mi ní làkúrègbé ni. Ẹnìkan ní wọ́n ta á lọ́fà. Àwọn àgbààgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pinnu pé egungun rẹ̀ ni ó gbẹ, pé mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ti tán. Nítorí náà wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n ń se ọbẹ̀ egungun ọlọ́ràá fún un, wọ́n sì ní kí ó máa lo kóró méjì dípò ẹyọ kan. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bèèrè bí egungun ṣe lè gbẹ nínú ara tí ọ̀rá ń kán láti inú rẹ̀. Èmi náà kò bèèrè.

Ìkúnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọnù. Bí ó bá fẹ́ kí àgbà, ó ń tẹ̀ dé ìdajì, òógùn á bò ó, á sì nà ró padà. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń yìn ín ni ẹ tún ń wí pé, "Ọ̀rá ti gun orí Àwẹ̀ró. Ó sanra tán, kò kúnlẹ̀ mọ́." Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ ju ẹkún ọmọ náà lọ.

Ni àwọn àgbààgbà bá rán mi. Wọ́n ní nínú Igbó Olómi-Ọ̀rá ni mùdùnmúdùn wà tí kì í tán, pé bí mo bá lè bù ú wá, egungun rẹ̀ á rọ̀, á sì máa kúnlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo gbé àpò, mo dúró lójú Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ẹ tètè bọ̀. Ìtìjú ni ó ń pa mí ju ìrora lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ igbó.

Igbó náà burú. Àwọn igi rẹ̀ ń làágùn ọ̀rá, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ẹyẹ rẹ̀ sì sanra tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fò, wọ́n ń jábọ́ láti orí ẹ̀ka bí èso tí ó pọ́n jù. Ọdẹ mìíràn ì bá yọ̀, á ní òun rí ẹran ọ̀fẹ́. Ẹ̀rù ba èmi. Ibi tí ẹran kò bá ti lè sá, ohun tí ó dá a dúró lè dá ọdẹ náà dúró.

Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni Kúnmáyó. Ikùn rẹ̀ tóbi bí àká, ṣùgbọ́n ihò ọ̀fun rẹ̀ kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní n kò gbọdọ̀ kọjá. Mo ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn ẹran tí mo ti pa fún un, kí n sì tó ka dé àárín, ó ti gbá mi mú. A jà títí ewéko fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo gbé e lulẹ̀, ilẹ̀ mì, ó sì ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó gbé Kúnmáyó lulẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ aya rẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Kí ni agbára ọ̀hún wúlò fún?

Ó ní, "Ọdẹ, o ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n já àlọ́ kan kí o tó kọjá. Ilé kan wà, ohun jíjẹ kún un dé òrùlé, ebi ni ó sì pa àwọn ará ilé náà kú. Ilé ta ni?"

Mo ní, "Kékeré nìyẹn. Ilé ahun ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O kò já a. Ṣùgbọ́n máa lọ. Ilé rẹ ni ìdáhùn àlọ́ náà wà, o kàn rìn wá jìnnà ni." Mo bú u, mo sì kọjá.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Jókòó-Jẹ. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kò ní fẹ́ bọ̀ wálé, nítorí bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ara" ni ìkíni wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn, wọ́n á ní, "O gbẹ." Gbogbo wọn sanra, ojú wọn ń dán, gbogbo wọn sì jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wo ilẹ̀, bí ọdẹ ti ń wò ó: kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lójú ọ̀nà wọn, koríko ti hù bò ó.

Ọba wọn ní, "Àlejò yìí gbẹ, ó ń dójú ti ìlú. Ẹ bọ́ ọ." Wọ́n na ìkòkò mùdùnmúdùn sí mi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Inú mi dùn. Mo jẹ díẹ̀, mo da èyí tí ó kù sínú akèrègbè, mo fi pamọ́ sínú àpò fún Àwẹ̀ró. Bí mo ti ń di àpò ni ọkùnrin kan tí ó jókòó ní etí ẹní fa aṣọ mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ ṣì ń rìn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Jọ̀wọ́, rìn díẹ̀ kí n wò ó."

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin náà ń wo ẹsẹ̀ mi bí ọmọdé tí ebi ń pa ti ń wo ọwọ́ ẹni tí ń jẹun. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bùmọ́ra ti gba tèmi. Kí ó tó gba tìrẹ, sá."

Mo sá. Ọba ní, "Ẹ lé e." Gbogbo ìlú dáhùn pé, "A ó lé e." Kò sí ẹni tí ó dìde. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sá lọ, ẹ̀rín burúkú; nígbà tí mo rìn díẹ̀, ẹ̀rín náà tán, nítorí mo rántí pé èmi náà ní ẹnìkan nílé tí ó ti ń jókòó jù.

Ọ̀nà náà gbé mi dé ìdí òkè kan. Òkè náà rí roboto, ó jókòó sínú ihò ńlá kan bí orí ọmọ-odó ti ń jókòó sínú odó, ó ń yí díẹ̀ síhìn-ín, ó ń yí díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìlú Orí-Itan nìyẹn. Lẹ́nu ibodè rẹ̀ ni obìnrin kan dúró sí, aṣọ pupa lára rẹ̀, ìkòkò pupa lórí rẹ̀, ó ń sunkún.

Mo kí i, mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ mi. Èmi ni mo ń gbé omi àti oúnjẹ wọlé fún àwọn ará ìlú yìí. Àwọn àgbà ń wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ọ̀nà tí ó wọlé kò pọ̀, èyí tí ó wà sì há. Wọ́n ti dí i mọ́ mi. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pè mí láti inú, n kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn."

Baálẹ̀ ìlú náà gbọ́ ohùn wa, ó fún ara rẹ̀ jáde láti inú ibodè. Arúgbó funfun ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, Agbáradúró ni orúkọ rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sì fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọ̀rá ni mo rí ní gbogbo ojúlé. Wọ́n wú, wọ́n ń dán, wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn wọn ti fún ọ̀nà tóóró náà pa. Mo fa ìbọn yọ. Wọ́n ní, "Ọdẹ, má yìnbọn. Ayálégbé ni wá. Kékeré ni wá tẹ́lẹ̀, a kì í gba àyè ẹnikẹ́ni. Ohùn kan ni ó ń ti òkè wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń wí pé: Ẹ kó pamọ́, ẹ má ná. Bí a ti ń gbọ́ ọ ni a ń wú. Àwa náà kò rí ibi yí sí mọ́."

Agbáradúró nawọ́ sí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọkọ́ wà nílẹ̀ lẹ́bàá wọn. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n máa tún ògiri mọ. Ọmọ mọlémọlé ni wọ́n. Nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n di ọ̀rá." Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn àwọn yàrá ẹ̀yìn, àwọn tí ó wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé. Àwọn ará ilé wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn. Wọ́n ti kú. Ebi ni ó pa wọ́n. Ọ̀rá yí wọn ká dé òrùlé, wọn kò rí i jẹ.

Mo rántí àlọ́ Kúnmáyó.

Bí mo ti dúró níbẹ̀, òrùlé náà ké kíkankíkan, eruku sì jábọ́ sí wa lórí. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ìta, ó jìn bí ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kànga. Ó ní, "Yéè, itan mi." Ẹ̀yin ènìyàn, mo mọ ohùn náà. Ohùn tí ó ń kí mi láàárọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí Kúnmáyó fi ní ilé mi ni ìdáhùn wà: inú itan Àwẹ̀ró ni mo dúró sí.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo yọ akèrègbè, mo ní, "Baba, ẹ gbà. Mùdùnmúdùn ni mo gbé wá, ẹ fi tún un ṣe."

Agbáradúró wò mí bí ẹni tí ń wo òmùgọ̀ tí àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ó ní, "Fìtílà ń kú lọ, o gbé epo dé. Ṣé o kò rí i pé epo ni ó bo òwú mọ́lẹ̀? Dà á nù." Mo dà á nù.

Mo bi í bóyá àwọn tí ó wà lábẹ́ òrùlé lè jí. Ó ní, "Egungun tí ó ti kú ti kú. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú kò tíì wó, nítorí òrùlé ṣì dúró, bí ó tilẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Sọ fún un kí ó dín kóró náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi ọ̀pá gbé ara. Ó lè rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá kúnlẹ̀ tí gbogbo ara náà sì wà lórí ẹsẹ̀ yìí, òrùlé á jìn. Ọ̀rọ̀ tí n ó fún ọ kò gùn. Má ni. Má kúnlẹ̀. Gbé e bí mo ti fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá fà á, yóò yí padà mọ́ ọ lẹ́nu."

Mo ní, "Baba, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Èmi kì í ṣe aláròyé." Mo rò pé ohun tí ó ń wí ni pé kí n má sọ̀rọ̀ jù. Ọlọ́gbọ́n ọdẹ.

Mo sáré. Mo kọjá Jókòó-Jẹ, wọ́n ní, "A ó lé e." Mo kọjá Kúnmáyó, kò bi mí ní àlọ́ mọ́, ó rí ojú mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wí i lábẹ́ ahọ́n pé má, má, má, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé orúkọ ohun tí yóò rà.

Ọ̀sán gangan ni mo yọ sí etí odò wa. Ní òdìkejì, lórí pápá, ìyá mi àti àwọn obìnrin kan ń sá ẹ̀gẹ́. Àwẹ̀ró wà láàárín wọn, ó fara ti ọ̀pá kan. Wọ́n rí mi, wọ́n hó. Ẹ mọ àṣà wa: bí ọdẹ bá pẹ́ nínú igbó tí ó sì bọ̀ láàyè, aya rẹ̀ a máa kúnlẹ̀ dè é títí yóò fi sọ àpò kalẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà ohun tí ìyá mi wí. Ó ní, "Ọkọ rẹ ti ojú ikú bọ̀, ìwọ dúró gbagidi. Kí ni kí ayé wí?" Mo rí i tí Àwẹ̀ró fi ọ̀pá sílẹ̀.

Odò wà láàárín wa. Omi ń hó, ẹnu àwọn obìnrin ń hó. Mo lo ohùn tí mo fi ń sun ìjálá, ohùn tí gbogbo yín ń yìn, ohùn tí ó ń ré odò kọjá. Ohùn tí yóò bá ré odò kọjá, dandan ni kí ó gùn. Mo ké pé, "Máááá kúnlẹ̀ o."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ fi sí etí ara yín. Ohun tí ó dé òdìkejì ni pé, "Máa kúnlẹ̀ o."

Ìyá mi ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Òun fúnra rẹ̀ ní kí o máa kúnlẹ̀."

Àwẹ̀ró wò mí láti òkèèrè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó rò pé mo ti rí oògùn náà, pé mo mọ̀ pé ó ti lè kúnlẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìkarahun ìgbín. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí, mo ti sọ fún yín pé etí ọdẹ ni mo ní.

Nígbà tí mo wẹ odò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Olówó orí mi, mo gbọ́ ohùn yín, mo sì ṣe é." Ẹyin lohùn. Mo ti ń wá èèpo rẹ̀ kó láti ọjọ́ náà.

Ó dín kóró náà kù, ó sì fi í sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rá náà lọ. Egungun kò padà. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ báyìí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rìn bí ó ti ń rìn, ìdí nìyẹn tí kò fi kúnlẹ̀ fún yín, kò sì ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ilẹ̀ á fi bò ó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sun ìjálá mọ́. Nígbà tí ó sanra, ẹsẹ̀ gìrìgìrì ni ó ń wọ ilé wa wá yìn ín. Nígbà tí ó dùbúlẹ̀, èmi àti ìyá mi nìkan ni a ń gbé e yí. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ó kú tìtìjú-tìtìjú.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn mi dé nìyẹn, kò lè lọ sí iwájú mọ́; òun náà ń tiro. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sí ilé yín, ẹ̀yin tí ẹ lè dìde.

Kí ni, Ìyá Mojèrè? Sún mọ́ mi kí n gbọ́. Ẹ dákẹ́ ná.

Ó ní Mojèrè ọmọ òun tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní àwọn àna ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, àti pé kò ní lò ó pẹ́, kí ojú rẹ̀ ṣáà lè yọ díẹ̀. Ó ń bi mí bóyá mo mọ ọjà tí Bùmọ́ra ń tẹ́ ẹní sí báyìí, àti bóyá kí ọmọ náà lò ó.

Ìyá Mojèrè, wo ẹnu mi. Kò sí odò láàárín wa. Má. Má lò ó. Mo gé e kúrú, gbogbo yín ni ẹlẹ́rìí, mo gé e kúrú bí ó ti lè kúrú tó.

Ẹ wò ó bí ó ti ń mi orí, tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ létí ẹni tí ó jókòó tì í. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ ní kí ó máa lò ó."